Ọ̀dà Sílífà Lórí Ẹ́ńjìnì Tó Ti Nọ́ọ̀kì

Ní December 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ní ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di January 2025, ó ti di 24.48. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní Agége, ṣé ẹ gbúròó rẹ̀? Ìpìlẹ̀ ìṣirò ni wọ́n kàn gbé kúrò lórí 2009 sí 2024. Ìyẹn ò burú. 2009 ti pẹ́ jù lóòótọ́. Àwọn tó ń fi òǹkà náà yangàn, bí ẹni pé gààrí ló wálẹ̀, ni wọ́n ń bí mi nínú.

Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò, ló yẹ kí wọ́n ti gba ṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀, bí ẹ́ńjìnì tókunbọ̀ bá dé, wọn á fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, wọn á fi ọ̀dà sílífà fín in, wọn á rọ ọ́ìlì tó ki sí i kó má baà pariwo. "Ọ̀gá mi, Belgium ni, wọn ò tíì tú u rí." Ẹ gbé e dé Máńgòrò, mẹkáníìkì dè é, kí ẹ tó dé Pen Cinema, èéfín aláwọ̀ búlúù ti ń tẹ̀ lé yín. Irú ọwọ́ yìí mà wúlò ní Abuja o!

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í wo dídán ẹ́ńjìnì. Á yọ pọ́lọ́ọ̀gì, á ki géèjì tó ń wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ bọ ihò wọn. Ẹ́ńjìnì bẹntiróò tára rẹ̀ le sábà máa ń ka 150 sí 200 psi, àmọ́ bí òǹkà àwọn sílíńdà ṣe súnmọ́ra wọn gan-an ni kókó. Bí mẹ́ta bá ka 170, tí ìkẹrin ka 90, á kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò yẹn, á tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríǹgì ló jẹ. Bí kò bá gbéra, kó wo fáàfù tàbí top gasket. Bí ìró bá ń ti ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ múra owó léètì sílẹ̀.

Ẹ wo Camry tí à ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009, ẹ́ńjìnì 2.4. Ó ń jẹ ọ́ìlì. Ní Amẹ́ríkà, Toyota fúnra rẹ̀ pààrọ̀ písítìnì àti ríǹgì lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn oníbàárà tí ìdánwò fi hàn pé tiwọn ń jẹ ẹ́ jù. Níbí, a máa ń yọ tiwa dànù, a ó lọ ra ìbejì rẹ̀ ní Ládípọ̀. Àrùn kan náà la tún fowó rà! Bí ara sílíńdà ò bá ha, tí crankshaft sì gún, ẹ tú tiyín, ẹ fi písítìnì tí Toyota ti tún ṣe sínú rẹ̀.

Owó rẹ̀ wá ńkọ́? Dọ́là la fi ń kó ríǹgì wọlé. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là ò tó ₦500 ní báńkì. Ní February 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ríǹgì ò gbọ́ pé wọ́n ti yí ìpìlẹ̀ ìṣirò.

Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà ti jáwọ́ láti 2008, nítorí náà mi ò ní sọ pé ká dá ilé-iṣẹ́ ríǹgì sílẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó lè kó géèjì àti léètì tó péye sí Government Technical College tó wà ní Agídíngbì, kí mẹkáníìkì àdúgbò máa sanwó díẹ̀ wọn ẹ́ńjìnì níbẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé náà sì... Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Fágbà kò dúró de ìjọba ní tiẹ̀. Muscle rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì débi pé kẹ́ẹ̀gì kì í kúrò nínú búùtù. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ́ìlì ní dúrọ́ọ̀mù, ó ń wọ̀n ọ́n tà fún àwọn oní-Muscle yòókù. Èrè rẹ̀ ló fi ń ra ti mọ́tò tirẹ̀.