Ọnọ́rébù, A Ò Mu Orúkọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé, aṣòfin kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ rí gàdàgbà lára táǹkì, àwòrán rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Omi ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ti kú, ẹnu ẹ̀rọ ti dípẹtà. Síbẹ̀, bí mo ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ó kúkú gbìyànjú." Gbìyànjú kẹ̀!

Mi ò bá kànga jà. Iṣẹ́ tí a rán wọn la ti gbàgbé. Ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n ṣòfin, kí wọ́n fọwọ́ sí ìṣúná, kí wọ́n sì wádìí bí wọ́n ṣe ná an: abala 88 fún àwọn ti Àbújá, abala 128 fún ti ìpínlẹ̀. Kò síbi tó ti ní kí aṣòfin di agbẹ́kànga. Bí gbogbo wọn bá ń gbẹ́ kànga, ta ni yóò wádìí ìdí tí omi ẹ̀rọ ìjọba ò fi yọ?

Ẹ má sì sọ pé kò ṣeé ṣe. Samuel Onuigbo, tó ń ṣojú ẹkùn kan ní Ábíá nígbà náà, gbé àbá Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ kalẹ̀. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá 2021. Òfin náà ní, láàrin 2050 sí 2070, èéfín tí a ń tú sáfẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ju èyí tí a lè fà padà lọ. Lóòótọ́, ìwé kì í pa òùngbẹ. Ṣùgbọ́n a lè na òfin síjọba lójú ká bi wọ́n léèrè. Táǹkì gbígbẹ ńkọ́? Kí la fẹ́ bi í?

Kí ló kan ojú ọjọ́ nínú ọ̀rọ̀ omi? Ará Ìbàdàn ò ní béèrè. Ògùnpa ṣọṣẹ́ ní 1980. Ní oṣù Kẹjọ 2011, òjò ọjọ́ kan pa èèyàn tó lé ní 100. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i ló ń gba omi sára sí i. Ọjọ́ tó bá dà á sílẹ̀, àgbàrá dé. Àgbàrá á gba ṣáláńgá kọjá, á wọ kànga, onígbáméjì á sì tẹ̀ lé e wọlé. Kànga tí Ọnọ́rébù fi ń ṣe fọ́rífọ́rí nìyẹn o!

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún gbé ìrẹsì àti ańkárá dé, ẹ bi wọ́n: Òfin wo lẹ gbé kalẹ̀ lórí omi? Ìgbà wo lẹ pe àwọn tó ń náwó omi wá ṣàlàyé? Ta ló ń tún kànga yín ṣe lẹ́yìn ìbò? Bí wọn ò bá rí èsì fọ̀, kí wọ́n gbé táǹkì wọn. Omi là ń mu, a ò mu orúkọ.