Tẹ́tẹ́ Kò Ní Ìlà

Láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù: “Mo ti pàdánù tó, ó ti kàn mí.”

“Ó kàn mí” bá ìlà omi mu, torí ẹni iwájú ń kúrò. Tẹ́tẹ́ kò ní ìlà.

Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 1 nínú 10. Bí ẹ bá ta 10, àǹfààní pé ọ̀kan, ó kéré tán, á jẹ kò ju bí 65 nínú 100. Bí gbogbo rẹ̀ bá já, ti ìkọkànlá ṣì jẹ́ 1 nínú 10. Geometric distribution, ìṣirò iye ìgbà tí a ó gbìyànjú ká tó kọ́kọ́ jẹ, kò ní ìrántí.

Ẹ má fi owó iléèwé dúró de ohun tí kò mọ̀ pé ẹ ti pàdánù rí.