Ta Ni Yóò Kọ́ Tíṣà Oko?

Ní ọjọ́ ìsinmi ìkórè kan, a wà nínú ìjọ Áńgílíkà kékeré kan ní abúlé àwọn olóko kòkó, níbi tí àwọn ará ti pè wá láti wá bá wọn dúpẹ́. Iṣu wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pẹ̀lú, àti àkùkọ adìẹ kan tí kò dákẹ́ títí a fi ka ẹ̀kọ́ kejì tán. A lu gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo, owó sì wọlé ju bí a ti rò lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbìmọ̀ ìjọ ti pín in: a ó fi apá kan kun ògiri, a ó fi apá kan ra agogo tuntun, a ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí olú ìjọ. Nígbà náà ni tíṣà tí ń ṣọ́ ìjọ náà dìde pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti ń wàásù fún wọn, òun kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibi kankan tí a ti ń kọ́ oníwàásù níṣẹ́. Bí ìjọ bá lè rán òun lọ fún oṣù mẹ́ta péré, inú òun yóò dùn. Baba ìjọ dá a lóhùn pé, "Tíṣà, èyí tí ẹ mọ̀ yìí tó wa." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó.

Àwa kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lè bi wá pé, kí ni ti òṣèlú nínú ọ̀ràn kátíkíìsì? Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi a, b, d han ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba yín, tíṣà ìjọ ni. Ẹni tí ó ń bá wọn ka lẹ́tà tí ó ti ìlú wá, tí ó ń bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, tí ó ń làjà ààlà oko, tíṣà ìjọ náà ni. Bí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá là, ojú abúlé yóò là; bí ojú rẹ̀ bá fọ́, ọ̀nà wo ni àwọn tí ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn yóò gbà?

Àwọn tí ó gbé ìjọ yìí dé ọ̀dọ̀ wa mọ iyì ẹ̀kọ́. Ní 1827 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní ilẹ̀ Sàró, Àjàyí Crowther sì wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú yìí ni ó di àlùfáà ní 1843, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1859 ni a dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, T. B. Macaulay, àna Crowther, ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ ni Herbert Macaulay, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.N.D.P. sílẹ̀ ní 1923. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún wa pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ àti òmìnira ilẹ̀ yìí kò ní ohun kan í ṣe pọ̀.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni a ń sọ, a kò sọ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo Samuel Johnson. Ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Abẹ́òkúta ni a ti kọ́ ọ, lábẹ́ Gottlieb Bühler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí kò gbà pé ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ ni ó yẹ ènìyàn dúdú. Àwọn kan nínú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ kùn sí i pé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ti pọ̀ jù. Johnson jáde, ó di olùkọ́, ó sì di kátíkíìsì ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí kí a tó fi í jẹ àlùfáà. Nígbà tí ogun Kírìjí kò tán bọ̀rọ̀, òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń ru iṣẹ́ àlàáfíà láàrin àwọn ọba àti àwọn balógun, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Òun kan náà ni ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, tí ó parí rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí a bá ti sọ fún Bühler nígbà náà pé èyí tí ọmọ yìí mọ̀ tó wa, ta ni ì bá kọ ìtàn wa sílẹ̀?

Báwo ni ọ̀ràn ṣe wá bàjẹ́? Ní ìgbà àtijọ́, a kì í ya olùkọ́ ọmọdé nípa kúrò lára oníwàásù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta yẹn ni a gbé lọ sí Èkó, tí ó sì fìdí múlẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896 pẹ̀lú orúkọ St. Andrew's College. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀, òun ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, òun ni ó ń tẹ dùùrù tí ó sì ń wàásù ní ọjọ́ ìsinmi. Owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba àti owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a fi ń san púpọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwa kò kábàámọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, a kò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, olùkọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba tí a lè gbé láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìbi ìjọ kankan léèrè. Ìjọ oko wá ṣẹ́kù pẹ̀lú àga ìwàásù tí kò sí ẹni tí yóò dúró níbẹ̀. Ọmọ ìjọ tí ó bá mọ ìwé díẹ̀ ni wọ́n fà kalẹ̀, òun ni wọ́n sì ń pè ní tíṣà títí di òní. Àwa òṣèlú gba ilé-ẹ̀kọ́. A kò ronú kan ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ìyẹn.

A kò sọ pé ìjọ kò ní ibi ẹ̀kọ́. Immanuel College, tí àwọn Áńgílíkà àti àwọn Mẹ́tọ́díìsì jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní 1958, wà ní Ìbàdàn. Ibi ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Vining pè wà ní Àkúrẹ́. Láti 2005 ni Yunifásítì Àjàyí Crowther ti wà ní Ọ̀yọ́, lórí ilẹ̀ St. Andrew's gan-an. Iṣẹ́ rere ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ó ní ìyàwó, ọmọ márùn-ún àti oko kòkó tirẹ̀ kò lè fi ọdún mẹ́ta jókòó sí Ìbàdàn, ìjọ rẹ̀ kò sì ní san owó rẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ ń dun ni nígbà mìíràn, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Bíbélì Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1884 kò rọrùn láti kà fún ẹni tí a kò kọ́ ní àmì ohùn. A ti fi etí ara wa gbọ́ ọ níbi tí Nóà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọ inú ọkọ́ lọ. Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ wo ara wọn lójú. Èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín ni ti tíṣà tí kò mọ bí a ti ń kọ ìwé owó, tí wọ́n fi orúkọ olè lé jáde nínú ìjọ, nígbà tí ó jẹ́ pé àìmọ̀ṣirò ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a kọ̀wé sí òkè òkun. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń bí wa nínú jù. Henry Venn fúnra rẹ̀, akọ̀wé C.M.S. láti 1841 títí di 1872, kọ́ni pé ìjọ ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Láti 1979 ni ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà ti ń ṣàkóso ara rẹ̀ lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà tirẹ̀. Kò sí òyìnbó tí a lè dá lẹ́bi mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1901, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Breadfruit ní Èkó jáde nítorí ìwà tí a hù sí James Johnson, tí wọ́n sì dá African Church sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, olóko kòkó ní Agége. Àwọn alágbàṣe tí ó wá ṣiṣẹ́ ní oko rẹ̀ kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, irúgbìn kòkó àti ìyìn rere ni wọ́n gbé lọ. A kò sọ èyí láti ru ìjà ìjọ sókè. Owó kòkó ni ó ṣe iṣẹ́ náà ni a ń wí, owó kòkó sì wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tí a ń fẹ́ kò ga ju agbára lọ. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ìdámẹ́wàá owó ìkórè sọ́tọ̀ kí a tó ra ọ̀dà àti agogo. Kí àwọn ìjọ tí ó wà nínú páríìṣì kan pa tiwọn pọ̀, kí wọ́n sì pe olùkọ́ kan láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ wọn, dípò kí tíṣà máa wá owó ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹta, kòkó ti wọlé, òjò kò sì tíì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà náà, lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́ta, yóò sọ tíṣà di ẹlòmíràn. Kí a kọ́ ọ ní Bíbélì kíkà, ìwé owó, àti bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní ìwé Yorùbá. Kí a kọ́ aya rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun ni àwọn obìnrin ìjọ ń tọ̀ lọ kí wọ́n tó tọ tíṣà lọ.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dá ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ ní 2001, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn. Inú tiwa kò tíì dùn tán. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ ń ṣe lóde òní ń gba owó tí àgbẹ̀ kò lè san, bẹ́ẹ̀ ni owó ìkórè àgbẹ̀ wà nínú bíríkì wọn. A ó padà sí ọ̀ràn yìí ní ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Ní ti ìsinsìnyí, ìkórè ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ bèèrè kí a tó ka owó, ẹ má ṣe dúró di ẹ̀yìn rẹ̀, pé èló ni ti tíṣà. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ tún un bèèrè, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa ohun tí wọ́n wí.