Ariwo Kọ́ Ni Agbára: Kí Ẹ Tó Gé Sàléńsà Ọkọ̀ Yín

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà tó ń ṣe sàléńsà, ì báà jẹ́ ní Ládipọ̀ ní Mushin tàbí lẹ́bàá títì ìlú mìíràn, kò ní pẹ́ tí ọ̀dọ́ kan á fi gbé Civic tàbí Corolla dé, tí á ní kí wọ́n bá òun gé àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ dànù kí ó lè máa dún. Iṣẹ́ náà kì í pẹ́. Wọ́n á gé àpótí kúrò, wọ́n á jó páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin á wá máa bú ramúramù. Ẹni tó ni ọkọ̀ á rò pé òun ti ra agbára. Ariwo ló rà, ó sì ṣeé ṣe kí agbára tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dín kù.

Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kó lè yára sí i. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹ́ńjìnnì la máa wò kí a tó yan páìpù tí èéfín rẹ̀ máa gbà jáde.

Sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin kì í jó epo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ìkíní ló ń ṣáájú, ìkẹta á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìkẹrin, ìkejì ló ń kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń jó níkọ̀ọ̀kan ni èéfín ń bẹ́ jáde níkọ̀ọ̀kan. Bí èéfín iwájú bá ń sáré dáadáa nínú páìpù, ó máa ń fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde, sìlíńdà á mọ́, afẹ́fẹ́ tuntun á rí àyè wọlé. Páìpù tó tóóró jù máa ń há èéfín mọ́ inú. Èyí tó fẹ̀ jù náà ní ìyọnu tirẹ̀: bí odò tó tẹ́ rẹrẹ ṣe máa ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ṣe ń falẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì ní lè fa ti ẹ̀yìn mọ́. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré púpọ̀ ni ọkọ̀ á ti máa wúwo lẹ́sẹ̀, ìgbà yẹn gan-an la sì ń lò jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Báwo ló ṣe yẹ kí páìpù fẹ̀ tó? Fún ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 sí 2.0 tí kò ní tọ́bò, tí a kò sì tíì fọwọ́ kan inú rẹ̀, ìńṣì 2 sí ìńṣì 2¼ ti tó. Ẹ wo Accord tó jáde ní 2003, èyí tí àwọn èèyàn wa sọ ní End of Discussion: lítà 2.4 ni ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin rẹ̀, nǹkan bí agbára ẹṣin 160 ló sì ní nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́. Bí ẹ bá yí káàmù rẹ̀, tí ẹ sì fi hẹ́dà tó dára (àkópọ̀ páìpù tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì) sí i, ìńṣì 2½ á gbé e dáadáa. Ìńṣì 3 tí àwọn kan ń béèrè fún tọ́ sí ọkọ̀ oní-tọ́bò tó ti ń sún mọ́ agbára ẹṣin 300. Ní ti tọ́bò, bí páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ṣe gba èéfín láàyè tó ló ṣe dára tó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ tún brain box ṣe, kí tọ́bò má bàa fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ kọjá agbára rẹ̀.

Hẹ́dà náà ní irú tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4-2-1 máa ń pa sìlíńdà kìíní pọ̀ mọ́ ìkẹrin, ìkejì mọ́ ìkẹta, kí méjèèjì tó di ọ̀kan. Òun ló dára fún ìgboro, nítorí ó ń fún ọkọ̀ lágbára láti ìsàlẹ̀. 4-1 tó ń pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dára fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ díje, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń sáré gidi nígbà gbogbo.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ páìpù náà pẹ̀lú. Níbi tí páìpù bá ti rún níkùn nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ti tóóró níbẹ̀ nìyẹn, owó tí ẹ fi ra ìńṣì 2½ ti di ti ìńṣì 2. Irin lásán tètè máa ń dípẹtà láti inú, torí omi wà nínú èéfín. Stainless 304 wọ́n, àmọ́ ó máa ń pẹ́.

Àpótí kì í ṣe ọ̀tá agbára. Àwọn kan wà tí páìpù oníhò wẹ́wẹ́ gba àárín wọn kọjá tààrà, tí owú gíláàsì yí i ká. Èéfín ń kọjá láìsí ìdènà, owú ń gba ariwo mì. Bí ẹ bá fi àpótí kékeré kejì kún un láàárín, ìró tó máa ń dun orí ẹni nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà jíjìn á lọ. Agbára tí ẹni tó gé sàléńsà ń wá, ẹ lè rí i láìjí aládùúgbò lóru.

Ohun tó léwu jù tí wẹ́dà lè gé dànù ni kátálíìsì. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wá a rà, tí wẹ́dà mìíràn sì máa ń sọ pé kò wúlò. Ó wúlò. Òun ló ń sọ májèlé inú èéfín di ohun tí kò burú tó bẹ́ẹ̀ kó tó jáde. Bí ẹ bá yọ ọ́, sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á mọ̀, iná check engine á tàn pẹ̀lú kóòdù P0420. Láti 2011 ni ìlànà NESREA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, lórí èéfín ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó bá yọ kátálíìsì tó bá ọkọ̀ wá ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní yege àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MOT. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ló lòdì sí i.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín kò láwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ojú jíjó tí kò dí dáadáa lábẹ́ ìjókòó, tàbí páìpù tí kò dé ẹ̀yìn bọ́ńpà, lè darí rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín nínú ọkọ̀, ẹ dúró, ẹ bọ́ sílẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má sì tún wa ọkọ̀ náà títí wọ́n á fi yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ ṣe é létòlétò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ púlọ́ọ̀gì, àsẹ́ afẹ́fẹ́ àti kọmpuréṣọ̀n wò, torí sàléńsà tuntun kò lè wo ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ sàn. Lórí ọkọ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kan, ìwọ̀nba agbára ẹṣin díẹ̀ ni páìpù ẹ̀yìn lè fi kún un. Ẹ pinnu agbára tí ẹ ń lọ bá, kí ẹ tó yan bí páìpù á ṣe fẹ̀ tó. Ẹ fi kátálíìsì sílẹ̀ síbi tó wà. Bí wẹ́dà bá parí, ẹ tan ẹ́ńjìnnì níta gbangba, kí ẹ fi omi ọṣẹ ra gbogbo ojú jíjó kí páìpù tó gbóná. Ibi tó bá ń hó, kó tún un jó níṣojú yín kí ẹ tó san owó.