Òdòdó Wà Láyà, Òṣùká Dà?

Ọdọọdún, bí oṣù kìn-ín-ní bá ti wọlé, ni àwọn olóṣèlú Nàìjíríà máa ń fi òdòdó pupa kékeré kan sáyà aṣọ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Ìlọrin kì í gbẹ́yìn. Ní Ṣàngó, tí kò jìnnà sí bárékè Sóbí, sójà kì í ṣe àjèjì. Orúkọ àdúgbò náà gan-an tó àpẹẹrẹ: oṣé ni àmì Ṣàngó, ẹni tó bá rí oṣé kì í béèrè ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kan níbẹ̀ bá béèrè ẹni tó ni òdòdó pupa yìí, kí ni wọn yóò wí?

Òyìnbó ló ni ín. Poppy ni wọ́n ń pè é, òdòdó tó ń hù ní pápá ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí ogun 1914 sí 1918 ti pa ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣọ̀fọ̀ òkú rẹ̀. Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti jà nígbà náà. Nínú ogun àgbáyé kejì, Burma ni wọ́n lọ. Nàìjíríà ti mú ọjọ́ ìrántí kúrò ní 11 oṣù kọkànlá lọ sí 15 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Wọ́n pààrọ̀ ọjọ́, wọn kò pààrọ̀ òdòdó.

Bẹ́ẹ̀ àmì tiwa wà nílẹ̀. Ní 1943 ni wọ́n dá Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Bìrìgéèdì mẹ́ta ló ní, méjì nínú wọn sì jẹ́ ti Nàìjíríà. Báàjì wọn ni ọ̀kọ̀ dúdú méjì tó dábùú ara wọn lórí àwọ̀ yẹ́lò, pẹ̀lú òṣùká aláàrù. Òṣùká o! Kì í ṣe kìnnìún, kì í ṣe adé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọpẹ́lọpẹ́ aláàrù ni ogun fi ṣeé jà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni: ní òkè Arakan, níbi tí ọkọ̀ kò ti rọ́nà gbà, orí ènìyàn ni ọta àti oúnjẹ gbà dé ojú ogun. Dífíṣọ̀n 81 tó ṣáájú wọn ní tirẹ̀ lo aláǹtakùn, Ananse inú àlọ́ àwọn Àṣáńtì, ẹgbẹ́ Ìjàpá tiwa nínú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò sára apá aṣọ, kí ó lè máa kọjú síwájú nígbà tí sójà bá na ìbọn.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ló ya báàjì òṣùká. Ta ló ya òdòdó? Àwọn mìíràn yóò ní àmì ìtìjú ni, pé wọ́n fi sọ ènìyàn dúdú di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo díẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo aláàrù ló fínnú-fíndọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò sí lọ́rùn ẹni tó ru ẹrù. Ọrùn ẹni tó jẹ èrè ẹrù náà, tó wá gbàgbé ẹni tó rù ú, ló wà. Àpápá ní bárékè tó ń jẹ́ Arakan. Ibi tí wọ́n ru ẹrù dé ti di orúkọ ilé. Ohun tí wọ́n fi rù ú kò sí láyà ẹnikẹ́ni.

Kí Iléeṣẹ́ Ààbò tẹ ọ̀kọ̀ àti òṣùká sórí báàjì oṣù kìn-ín-ní tó ń bọ̀. Kí àwọn ìdílé tí irú rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí bàbá àgbà wọn má sì tíì tà á fún àwọn olùkó-nǹkan-àtijọ́-jọ tí wọ́n ń wá a lójú méjèèjì nílẹ̀ òkèèrè.