Kí Ọwọ́ Tó Pa Àwòrán Rẹ́

Ìkìlọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo fóònù ti mọ̀ dunjú: pé àyè ìpamọ́ ti kún. Ìkìlọ̀ yìí kì í sábà wá ní àsìkò tó rọrùn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń retí ímeèlì láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì lè jẹ́ alẹ́ tí olùkọ́ fẹ́ fi ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́. Ohun tí ẹni tí ọ̀ràn bá bá yóò ṣe ni pé yóò ṣí ibi tí àwòrán rẹ̀ wà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó pẹ́ jù, yóò yàn wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, yóò sì pa wọ́n rẹ́. Ohun tó bá wọn lọ kì í fara hàn lọ́jọ́ náà.

A kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi jù. Nígbà tí Google Photos bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ọ̀fẹ́ ni kíkó àwòrán pamọ́ síbẹ̀, kò sì ní òdiwọ̀n, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ni àwòrán bá ti gbà kí wọ́n dín ìtóbi rẹ̀ kù díẹ̀. Tọmọdé tàgbà kó ẹrù wọn síbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìlànà yí padà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àwòrán tuntun ni wọ́n ń kà mọ́ gígábáìtì 15 tí oníkálùkù ní lọ́fẹ̀ẹ́, gígábáìtì 15 yìí kan náà sì ni Gmail àti Google Drive ń lò. Nígbà tó di ọdún 2024, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp tí fóònù Android ń kó pamọ́ sí Google náà ti bọ́ sínú ìṣirò. Ìdí nìyí tí fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n fi lè dí ọ̀nà mọ́ lẹ́tà ìgbaniwọlé àbúrò tó kó o pamọ́, nítorí bí àyè bá kún tán, ímeèlì kò ní wọlé mọ́.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Àwọn àwòrán tí wọ́n ti kó síbẹ̀ lọ́nà ọ̀fẹ́ yẹn ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2021 kò sí nínú ìṣirò gígábáìtì 15 rárá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìparẹ́ láti orí wọn nítorí pé wọ́n ti pẹ́ kò jèrè àyè kankan. Àwòrán bàbá àgbà tó ti kú lọ, àyè kò sì ṣí!

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún ibi ìpamọ́ yìí, ìyẹn àwọsánmà, náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Kò sí ohun kan lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n tò jọ sínú ilé ńláńlá, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló sì ń ṣe òfin rẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ènìyàn rò pé fóònù àti àwọsánmà dà bí àpótí méjì, débi pé bí a bá kó nǹkan kúrò nínú ọ̀kan, yóò ṣẹ́ kù sínú èkejì. Wọ́n sún mọ́ ènìyàn àti òjìji rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìkópamọ́ bá wà ní ṣíṣí, tí a sì pa àwòrán rẹ́ nínú Google Photos lórí fóònù, àwòrán náà yóò kúrò lórí fóònù, yóò sì kúrò lókè. Bákan náà ni iCloud ti ilé-iṣẹ́ Apple, tí ọ̀fẹ́ tirẹ̀ kò ju gígábáìtì 5 lọ: ohun tí a bá pa rẹ́ lórí iPhone yóò parẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo àkáǹtì kan náà.

Nítorí náà, ó yẹ kí ènìyàn mọ ibi tó ti kún gan-an. Bí ó bá jẹ́ fóònù ló kún, Google Photos ní ibì kan tí wọ́n kọ “Free up space” sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ẹ̀dà tó wà lórí fóònù kúrò lẹ́yìn tí èyí tó wà lókè bá ti dúró ṣinṣin. Bí ó bá sì jẹ́ òkè ló kún, ibẹ̀ kò lè ran ènìyàn lọ́wọ́. Ìparẹ́ gidi ló kù, ìparẹ́ gidi sì ń fẹ́ sùúrù. Lóòótọ́, Google a máa fi àwòrán tí a ti kó pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí fún ọgọ́ta ọjọ́ kí ó tó dà á nù, iCloud a sì máa fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìkánjú àyè ń dà láàmú kì í dúró de ọjọ́ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò da apẹ̀rẹ̀ náà nù lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀ tí yóò dá a padà.

Àwọn tó fẹ́ràn ìwé Yorùbá ní ìtàn kan tó yẹ kó kọ́ wọn lọ́gbọ́n lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn ńlá tó kọ nípa àwọn Yorùbá. Ní ọdún 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan. Ìwé náà sọnù. Johnson papòdà ní ọdún 1901 láìfojú kan án mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo tó lọ yẹn ló wà, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ sọ fún un ni ìbá ti bá a wọlẹ̀. Ohun tó gba iṣẹ́ náà là kò gbayì lójú: àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò tíì dán, èyí tí ó fi sílẹ̀ nílé. Láti inú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún ìwé náà kọ. Wàhálà kò tíì tán. Ní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó ń gbé ìwé tí wọ́n tún kọ yìí lọ bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, nígbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti kú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìn sí fóònù ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀dà kejì tó wà níbòmíràn ni ohun tí Johnson ní. Kí ẹnikẹ́ni tó pa àwòrán rẹ́ lókè, kí ó kọ́kọ́ kó àwọn tó ṣe iyebíye sórí kọ̀ǹpútà tàbí sínú fláàṣì. Google Takeout wà fún ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó sì ṣí díẹ̀ lára wọn wò, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti rò pé àwọn kó ẹrù, tó sì jẹ́ pé àpò òfìfo ni wọ́n gbé. Fláàṣì náà a máa bàjẹ́. Bí ìyá tàbí àbúrò bá ní ẹ̀dà lọ́dọ̀, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ènìyàn kúkú san owó, kí ó ra àyè kún un. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n owó ilé ni, kò sì lópin. Bí àyè bá kún kọjá òdiwọ̀n fún ọdún méjì tí a kò ṣe nǹkan kan sí i, Google lè pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 pẹ̀lú ni wọ́n ti ní ẹ̀tọ́ láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́ pátápátá. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú, tí kò sì mọ ọ̀nà wọ àkáǹtì òbí náà, lè pàdánù àwòrán ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan.

Kí ni ó yẹ kó lọ nígbà náà? Fídíò ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí fídíò ìṣẹ́jú kan lè gba àyè ju ogún àwòrán lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni skírínṣọ́ọ̀tì, àwòrán tí kò ríran, àti àwọn àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ “ẹ kú ọjọ́ ìsinmi” sí, tí WhatsApp ń rọ́ wọlé láràárọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sunkún nítorí wọn. Ìpamọ́ àwọn baba wa náà ní àṣàyàn nínú: oríkì ìdílé kì í ka gbogbo ohun tí baba ńlá ṣe láyé rẹ̀, ìwọ̀nba tó fi hàn pé òun ni òun ni ó ń kà.

Èyí tí kò gbọdọ̀ lọ láìní ẹ̀dà ni ohun tí a kò lè rí yà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rán lọ gba lítíréṣọ̀ alohùn sílẹ̀, tó sì gba ohùn àti àwòrán ìyá àgbà kan tó ń sun ẹkún ìyàwó, ti di àgbà arọ́kin kékeré láìmọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyá náà má sí mọ́ nígbà tí saa tó ń bọ̀ bá wọlé. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni, ju ti olùkọ́ kọ̀ǹpútà lọ, láti rí i pé irú fídíò bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ilé-ìwé kí ọmọ náà tó wá àyè fún orin tuntun. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ìyá náà, ìlú rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ mọ́ ọn, nítorí nọ́ńbà gbọọrọ tí fóònù fi ń pe fídíò kò lè sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé ta ni.