Ìyìn Kì í Ṣe Ìbò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá délẹ̀ láàárín wa, ẹnu ni a fi ń se ọbẹ̀ náà, ẹnu náà ni a sì fi ń bù ú. Ta ni kò tí ì sọ ọ́ rí pé olóòótọ́ kò sí nínú òṣèlú? Ṣùgbọ́n nígbà tí olóòótọ́ tí a mọ̀ bá jáde, níbo ni a máa ń wà?

Ojúlùmọ̀ mi kan fẹ́ du ipò ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tí í máa sọ ojú abẹ níkòó ni. Kò ní bàbá ìsàlẹ̀, kò sì wá a. Lọ́jọ́ tí ó sọ èrò rẹ̀ fún wa, ìdáhùn mẹ́ta ni ó gbà. Ẹnì kan ní, "Kí ni yóò kàn wá níbẹ̀?" Èkejì ní, "Ìbò tí a bá dì fún ọ yóò ṣòfò ni." Ẹ̀kẹta ní, "Olúwa yóò ràn ọ́ lọ́wọ́," ó sì yára dìde. Ẹ̀kẹta yìí ni ó dùn mí jù, nítorí àdúrà ni ó fi bo ahun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ tọ̀. Abala 106 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 béèrè pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni kí ó fa olùdíje kalẹ̀. Kò sí àyè fún adádúró. Lóòótọ́, òfin ọdún 2018 sọ ọjọ́ orí fún ipò yìí kalẹ̀ láti 30 sí 25, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ìdènà. Ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 2 náírà ni ẹgbẹ́ APC ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ń gba iye yìí yóò tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún 5 lọ, láìjẹ, láìmu, kí ó tó ra fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo! Bí àwa ọ̀rẹ́ kò bá dáwó jọ, bàbá ìsàlẹ̀ yóò san án, ọjọ́ tí ó bá sì san án ni ó ti ra ẹnu ọ̀rẹ́ wa.

Ẹ rántí Olóyè Gani Fawehinmi. Ó dá ẹgbẹ́ National Conscience Party sílẹ̀ ní ọdún 1994, lábẹ́ ìjọba ológun, ó sì du ipò ààrẹ ní ọdún 2003. Ta ni kò yìn ín? Síbẹ̀, ìbò tí a dì fún un kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2009, a sunkún, a ṣe ìdárò. Òkú olóòótọ́ ni a mọ̀ ọ́n ṣìkẹ́. Nígbà ayé rẹ̀, a kò rí wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé ìbò yóò ṣòfò, ìbò tí ẹ dì fún ẹni tí ẹ mọ̀ ní olè, tí ó sì wọlé, ṣé kò ṣòfò fún ọdún mẹ́rin gbáko?

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń béèrè ohun tí yóò kàn yín, ẹ má tan ara yín jẹ. Ẹni tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá ìsàlẹ̀ lè má gbà á lọ́wọ́ wa náà. Ó lè kọ̀ láti fún ọmọ wa ní iṣẹ́ tí kò tọ́ sí i. Ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ tì í lẹ́yìn gan-an nìyẹn.

N kò sọ pé kí a máa pọ́n ọn. Orí kunkun nìkan kọ́ ni ọgbọ́n. Kí a bi í léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa ètò ìnáwó ìpínlẹ̀. Bí ètò rẹ̀ bá ṣófo, kí àwa ọ̀rẹ́ sọ fún un kí ọ̀tá tó sọ ọ́ ní gbangba. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù dá ohun tí agbára rẹ̀ ká, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a bá a rìn láti ojúlé dé ojúlé. Kí a dúró ní ibùdó ìdìbò títí wọn yóò fi ka ìbò tán, tí wọn yóò sì kọ èsì sílẹ̀.

Èmi ti dá tèmi. Ó ku tiyín.